Ìlú Gọ́ọ̀fù Tí A Ti Fi Dípọ̀ Sílẹ̀

Ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé oúnjẹ wá. Mo mọ̀ pé Aunty Fúnmi yín ló ní kí ẹ máa bẹ̀ mí wò títí òun yóò fi dé. Ẹ má bínú pé mo wà lórí ìdúró. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ìdí mi ò gba àga. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde. Bí mo bá dìde, màá rìn dé ojú fèrèsé, màá wo àwọn mọ́tò tó ń lọ, màá tún padà wá. Fúnmi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́. Ìwé ni.

Ìwé pẹlẹbẹ tó wà lórí tábìlì yẹn ni. Ẹ mú un, ẹ wò ó. Ìwé atọ́nà fún àlejò ni, Rẹ́ní ọmọbìnrin Fúnmi ló tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé gọ́ọ̀fù ni Rẹ́ní ń gbá fún yunifásítì rẹ̀. Pápá kan lẹ́yìn Jonesboro, ìlú tó múlé tì wá níbí, ló ti kọ́ ọ, láti ìgbà tí igi gọ́ọ̀fù ṣì ga jù ú lọ. Ìyá rẹ̀ ṣèlérí pé bó bá ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun á mú un lọ sí ìlú kan ní Scotland, létí òkun, tí gbogbo agbágọ́ọ̀fù ayé fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọ́n mọ̀ pé èmi àti ìyá Fúnmi ti gbé ìlú yẹn rí kí a tó bí i. Ìdí tí wọ́n fi yàn án nìyẹn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé a fi ẹnì kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi tó tún yí padà. Ọmọ wa àkọ́kọ́, Ọládipọ̀, ọmọ oṣù méje, ìlú yẹn ni wọ́n sin ín sí. Ìyá rẹ̀ àti èmi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan nílé. Láti ọjọ́ tí Fúnmi ti dáyé ló ti ń jẹ́ àkọ́bí, kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Mo wá ní láti sọ fún un kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹnu mi ò sì kọ́kọ́ gbà á.

Ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ pé ìlú náà dákẹ́ rọ́rọ́. Rẹ́ní kà á sí mi létí, mo bú sẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó kọ ìwé yìí, ta ló mọ ìgbà tí wọ́n bí i? Nígbà tiwa, àwọn ẹyẹ òkun ló ń jí wa láàárọ̀, ariwo wọn bí ti ọmọ tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo òkun, fèrè ńlá kan á máa ké láti orí àpáta, á ké, á sinmi, á tún ké, kí àwọn apẹja lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Aago kan wà létí èbúté tí wọ́n ń lù bí ẹja bá ti gúnlẹ̀. Bàtà àwọn agbébáàgì, tí wọ́n kan ìṣó mọ́ nídìí, á máa dún kó-kó-kó lórí òkúta títì. Ní Riverdale níbí, tí Fúnmi mú mi wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló ń kọjá lórí òrùlé ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kò sì sẹ́ni tó ń gbé orí sókè wò ó mọ́. Èmi nìkan ni mò ń wò ó, pàápàá lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ ò mọ agbébáàgì? Òun ni ẹni tó ń bá àwọn agbágọ́ọ̀fù gbé àpò igi wọn kiri pápá. Lóde òní, ọkọ̀ kékeré oníbátìrì ni Rẹ́ní ń wà, àpò á wà lẹ́yìn, omi tútù á wà nínú ife. Nígbà yẹn, èjìká ènìyàn ni mọ́tò. Mò ń kọ́ iṣẹ́ sáfẹ́yọ̀ ní ìlú ńlá kan tí kò jìnnà, ìyàwó mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà, a sì háyà yàrá kan lọ́dọ̀ tọkọtaya kan, Mísítà àti Mísíìsì Pítírì. Ògbólógbòó agbébáàgì ni Mísítà Pítírì. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa gba ìsinmi oṣù Kẹfà, òun ló mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kúkúrú onímú pupa, wò mí látòkè délẹ̀, ó bi mí pé ṣé mo lè gbé ẹrù. Èmi tí mo ti ru iṣu láti oko dé ilé ní ìgbà tí mi ò tíì hu irùngbọ̀n kankan! Mo kàn gbé àpò náà kọ́ èjìká ni.

Àṣé àpò kọ́ ló le níbẹ̀, ẹnu pípamọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Yorùbá ò lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, a ó ní ẹ kú ìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ mi àkọ́kọ́, mo gbé àpò fún lọ́yà àgbà kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń figagbága. Wọ́n dé ihò tó kẹ́yìn. Ó ku kí lọ́yà rọra ti bọ́ọ̀lù wọlé, kó borí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo ihò, ó tún wo bọ́ọ̀lù. Gbogbo ènìyàn dákẹ́ bí ẹni tí ń gbàdúrà. Mo rí i bí àgbàlagbà yìí ṣe ń làágùn nínú òtútù, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń pariwo pé, “Well done, sir! Well done!”

Bàbá fò sókè. Bọ́ọ̀lù gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó yíjú sí mi, ó ní, “What was well done about it?”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi kúrò nílùú, “Well Done” ni gbogbo àwọn agbébáàgì ń pè mí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Mísítà Pítírì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n máa dúró síbi tí òjìji mi ò ti ní kan ihò, kí n sì máa pa ẹnu mọ́. Mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ débi pé nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n jù.

Ẹ jẹ́ n dé ojú fèrèsé ná. Mọ́tò ta nìyẹn? Ó dára, kì í ṣe tiwa.

Kí ni mò ń sọ? Koríko. Ìwé yẹn ní kí àlejò má ṣe tẹ koríko pápá, àfi tó bá ti gba àyè. Ẹ wò ó! Nígbà tiwa, aṣọ ni wọ́n ń sá sórí koríko yẹn. Àwọn ìyá ilé ìlú náà ní ẹ̀tọ́ kan láti ayé àwọn baba ńlá wọn pé kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró láti sá aṣọ síbẹ̀, ìbáà ṣe ọba. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Mísíìsì Pítírì á gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀ jáde, á tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun sílẹ̀, á fi òkúta lé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí bọ́ọ̀lù ẹnì kan bá bọ́ sórí aṣọ, olúwarẹ̀ á dúró kí aláṣọ wá gbé aṣọ rẹ̀ sókè, kí bọ́ọ̀lù lè yí bọ́ sílẹ̀. Adájọ́ ni, ọlọ́lá ni, á dúró. Mísíìsì Pítírì kì í sì í yára. Mo fi ojú mi rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n wọ ṣòkòtò olówó iyebíye, tí wọ́n tò sórí ìlà, tí wọ́n ń dúró nítorí ìlédìí Dípọ̀ mi. Mo gbé àpò ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ọmọ tó ni ín.

Mísíìsì Pítírì fúnra rẹ̀ mọ gọ́ọ̀fù gbá ju àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Igi kan ṣoṣo ló ní, irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ẹ̀yìn àwọn ilé pákó tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lókun ti ń pààrọ̀ aṣọ ló ti máa ń gbá a nírọ̀lẹ́, nítorí obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú sí ilé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin. Àfi bó bá fẹ́ gbálẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Rẹ́ní fi hàn mí lórí fóònù pé wọ́n ti fún un ní àkókò tirẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá yẹn gan-an, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbàràgàdà, inú mi dùn débi pé mo pariwo nínú pálọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó lọ la ń sunkún tẹ̀lé, ẹ̀yin ọmọ.

Sọ́ńdè ló yàtọ̀. Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbá gọ́ọ̀fù. Pápá di ti gbogbo ìlú. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, bàtà dídán lẹ́sẹ̀, àgbà àti èwe, ajá àti arọ, wọ́n á máa rìn lórí koríko tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wọ́n látọjọ́ Mọ́ńdè. Èmi àti ìyàwó mi náà á jáde. Mísíìsì Pítírì á ti Dípọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, kò ní jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Obìnrin yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é. Ó ní òun ò lè pe Ọládipọ̀, “wee Dip” ló ń pè é, ìyẹn Dip kékeré.

Ọ̀sẹ̀ ọdún ìlú la bí i, nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí wọ́n gbé àwọn ẹṣin onígi tó ń yí po, tí ọmọdé ń gùn, wá sí àárín títì. Orin wọn wọ inú yàrá ìbímọ. Nígbà tí ọdún tuntun máa fi dé, ó ti pé oṣù mẹ́rin, ó ti mọ ẹ̀rín rín. Ẹ gbọ́ àṣà kan tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé rẹ lọ́dún tuntun ló ń gbé oríire tàbí òfò ọdún náà wọlé. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ọkùnrin onírun dúdú, kó mú èédú lọ́wọ́ àti kéèkì. Onírun dúdú! Gbogbo ìlú pupa fòò, irun wọn bí ìyẹ́ àkùkọ, èmi sì dé, dúdú láti àtàrí dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí mi. Mísíìsì Pítírì ló tò wọ́n: ilé oníbúrẹ́dì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ilé tíṣà, lẹ́yìn rẹ̀ ilé opó tó wà ní igun. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ náà dání, kí oríire lè di méjì. Mo gbé Dípọ̀ láti ilé dé ilé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fi èédú kùn ún lójú láìmọ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ní oṣù Kẹta, òtútù àyà mú un. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni.

Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Bóyá ẹ ti gbọ́ ọ rí, bóyá ẹ ò gbọ́ ọ rí, ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, òbí kì í sì mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń ṣe é. Àdúrà wa ni pé ọmọ ni yóò sin wá. Bó bá yí padà, ojú òbí ò gbọdọ̀ rí i. Àbúrò lè lọ, ọ̀rẹ́ lè lọ, òbí ni kò lè lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, okùn ni wọ́n fi ń sọ pósí kalẹ̀, ẹbí kọ̀ọ̀kan á di okùn tirẹ̀ mú, bàbá ọmọ ló sì ni okùn tó wà níbi orí. Mísítà Pítírì wá bá mi nínú yàrá, ẹ̀wù dúdú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ yá mi. Ó ní, “It’s your cord, lad.” Mo ní mi ò lè lọ. Ó rò pé ẹsẹ̀ mi ò gbé mi ni, ó ní òun á dì mí mú. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò gbọdọ̀ lọ ni. Mísíìsì Pítírì jáde láti ilé ìdáná, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ó bi mí pé irú bàbá wo ni mí.

Mísítà Pítírì ló di okùn mi mú. Èmi àti ìyàwó mi fa kọ́tìnnì, a jókòó sórí ibùsùn, a ń gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ wa kan wọkọ̀ ojú irin wá láti Edinburgh, ó di ìyàwó mi lọ́wọ́ mú, ó ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Òun nìkan ló bá wa sọ èdè wa lọ́jọ́ náà.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Mísíìsì Pítírì ò bá wa sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á yí ẹ̀yìn padà. Ọjọ́ kẹwàá, ìyàwó mi lọ bá a nílé ìdáná, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a bó ọ̀dùnkún, ó sì ń ṣàlàyé fún un pé ìfẹ́ ló mú wa jókòó sílé, pé bí a bá lọ wo sàréè yẹn, ó dà bíi pé a gbà kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́. Mísíìsì Pítírì fa àga, ó jókòó tì í. Ó wá ní àwọn obìnrin ìlú tiwọn náà kì í dé etí sàréè lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ọkùnrin nìkan ni, òun ò sì mọ ìdí rẹ̀ rí. Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Then I’ll go for you.”

Láti Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, bí gbogbo ìlú bá ti ń rìn lórí pápá, òun á yà kúrò, á gba ọ̀nà òkè lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin Dípọ̀ sí, lórí òkè létí òkun. Bó bá dé, á gbọn iyanrìn kúrò lára bàtà rẹ̀, á ní, “Ó dára lókè lónìí.” Tàbí kó ní, “Atẹ́gùn pọ̀ díẹ̀.” Kò fi kún un, a ò sì bi í. Nígbà tí ọdún tuntun tún dé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kanlẹ̀kùn wá mi. Mo gbọ́ tó ń lé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Lórí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa padà sílé ni ìyàwó mi ti ní, “Ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́ nílé.” Mo ní ó dára. Ọdún kejì, a bí Fúnmi. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ènìyàn ń kí wa kú oríire àkọ́bí. Èmi àti ìyá rẹ̀ wo ara wa, a sì ní àmín. Mísíìsì Pítírì ń kọ lẹ́tà sí wa lọ́dọọdún, títí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kan fi kọ̀wé pé wọ́n ti lọ, òun àti ọkọ rẹ̀. Ìyá Fúnmi náà ti lọ, ó pé ọdún mẹ́rin báyìí. Títí di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, èmi nìkan ló kù tó mọ̀ pé ọmọ kan ń jẹ́ Dípọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Rẹ́ní ṣe ń ka ìwé náà sí mi létí níbí. Wọ́n ti ní kí n bá àwọn lọ, mo ti fi orúnkún mi ṣe àwáwí. Ó ka ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja, ó ka ibi tí wọ́n ti ń páàkì mọ́tò. Ó wá dé ojú ìwé kẹsàn-án. Ó ní àlejò ò gbọdọ̀ kùnà láti dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà lórí òkè létí òkun, kó sì tètè lọ, nítorí òkun ti ń jẹ ògiri rẹ̀, wọ́n sì máa tó kó àwọn òkúta orí sàréè tó wà lápá ibẹ̀ kúrò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní, “Rẹ́ní, tún un kà.”

Ó tún un kà. Ó ní, “Grandpa, are you okay? Ṣé ẹ fẹ́ kí n snap it for you?”

Mo ní rárá. Láti ọjọ́ yẹn ni ìdí mi ò ti gba àga.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń yí i ká. Bí mo bá pe Fúnmi, tó bá dáhùn pé, “Daddy, kí lẹ fẹ́?”, màá ní omi. Inú mọ́tò ni mo ti sọ ọ́ níkẹyìn, nígbà tí a ń bọ̀ láti ọjà ní Norcross pẹ̀lú iṣu àti ẹja gbígbẹ lẹ́yìn ọkọ̀. Inú mọ́tò dára fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ò ní ko ojú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó kọjá exit tó yẹ ká yà sí. Ó kọjá èyí tó tẹ̀lé e. Ó wá yà sí iwájú ilé epo kan, ó pa mọ́tò.

“So èmi kọ́ ni àkọ́bí,” ló wí.

Mo ní, “Fúnmi.”

“Daddy, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, please. All my life. Mi ò gbọdọ̀ sunkún níwájú àwọn àbúrò mi, àkọ́bí ni mí. Mi ò gbọdọ̀ bínú, àkọ́bí ni mí. Nígbà tí Mummy kú, gbogbo wọn ń wo ojú mi, mi ò rí ojú ẹni tí èmi máa wò. Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí n ní ẹ̀gbọ́n? Just one. Mo sì ní in. Kódà bó ti kú, Daddy, tèmi ni. Ẹ gbé e pamọ́ fún mi.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi bàbá rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní òun lè lọ sí ibi tí èmi ò lè lọ, kó bá mi lọ wò ó kí òkun tó gbé e. Ó ní, “Mi ò promise.” Ó tan mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú alẹ́ sà, ó lọ sí shift nílé ìwòsàn, ó ti shift dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó to oògùn mi sínú ike, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó jáde. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti dá ọgbẹ́ sí alààyè lára nítorí òkú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo fóònù yìí. Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwa níbí, tí ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ó dún. Fóònù olójúkojú ni. Rẹ́ní ni mo kọ́kọ́ rí, atẹ́gùn ti gbé irun rẹ̀ sójú.

“Grandpa! A ti rí i! Mummy wá a for like two hours. Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí ara stone, and guess what, àwọn Pítírì wà next to him, the two of them, one for each side. Ẹ wò ó—”

Ó ti ń yí fóònù náà padà. Mo gbá a mú, mo da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì.

“Grandpa, I can’t see you. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Mo wà níbí. Mò ń gbọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí n rí i, ẹ kàn máa sọ̀rọ̀.”

Mo gbé etí lé ẹ̀yìn fóònù. Mo gbọ́ tí Rẹ́ní ń sọ jẹ́jẹ́ pé, “Mummy, your knees. The grass is wet.” Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Fúnmi. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tí àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ohùn ọmọdébìnrin ló fi ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Fúnmi ni. Àbúrò yín ni mí.”